Kẹ́hìndé Tí Kò Ní Táíwò

Láti ọdún 2001 ni Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbímọ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Makun. Ọ̀fẹ́ ni Postgres, ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń tọ́jú wọn, ó sì fẹ́ràn láti máa ka ìran rẹ̀.

"Ingres ló ṣáájú, ní yunifásítì kan ní California. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe Postgres tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tún un ṣe ní 1994, wọ́n tú u síta fún gbogbo ayé. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í kọ nǹkan tuntun lé àtijọ́ lórí."

Òótọ́ ni. Bí o bá yí ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ padà, ìlà àtijọ́ á kú, àmọ́ á ṣì wà níbẹ̀, á máa tọ́ka sí tuntun, títí ètò tí à ń pè ní agbálẹ̀ á fi gbá a. Olúsànyà ti pa agbálẹ̀ tipẹ́. Ó ní ó ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, Rasheedat tó ń ta obì ní Ẹ̀pẹ́ máa ń wá béèrè ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ náà ní 2006 ló bí ìbejì níbẹ̀, wọ́n ní èkejì kú kó tó ké. Olúsànyà á fún un ní àga. "Ẹ gba kádàrá, Ìyá Ìbejì."

Lọ́dún yìí, wọ́n gbà mí láti kó àkọsílẹ̀ náà sórí ẹ̀rọ tuntun. Mo rí Kẹ́hìndé kan lábẹ́ Ìyáàfin Owólabí ti Ìkẹ́nnẹ́. Kò sí Táíwò. Ọmọ kan ṣoṣo ni obìnrin náà ní.

"Ọ̀gá, Táíwò rẹ̀ dà?"

"Inúolúwa, ẹrù ni wọ́n ní kí o kó, wọn ò fi ẹ́ ṣe ọlọ́pàá." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Tan agbálẹ̀ kí o tó kó o."

N kò tan án. Mo ṣí fáìlì tí àkọsílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ ní tààràtà. Ìlà òkú kan wà níbẹ̀: Kẹ́hìndé, obìnrin, kílò méjì ààbọ̀, alààyè. Ìyá: Rasheedat Àlíyù. Ó ń tọ́ka sí ìlà Owólabí. Olúsànyà yí orúkọ ìyá padà, ó gbàgbé ti ọmọ.

Nígbà tí ọjọ́ kẹsàn-án pé, Rasheedat dé pẹ̀lú Táíwò, ọmọ rẹ̀ tó kù. Mo fún wọn ní ìlà méjèèjì lórí pépà. Táíwò kà á sókè, ó sì kọjú sí Olúsànyà.

"Ẹ̀yin lẹ yí i?"

"Dókítà ló ní kí n..."

"Ọwọ́ ta ló yí i?"

"Ọwọ́ mi."

Rasheedat ò pariwo. "Bí mo bá gbé obì lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n máa ń sọ fún mi pé, 'Ìyá, ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbí ni.' Táíwò á sì wà nílé. Mo rò pé ojú wọn ló ń tàn wọ́n."

Àwọn méjèèjì gun ọ̀kadà kan lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Olúsànyà kí wọn pé ó dàbọ̀. Táíwò ní kí ọlọ́kadà máa lọ.