Ozella Tubb, Obìnrin Tó Gba Ọ̀bẹ Mú

Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí à ń gbin igi ọ̀ṣọ́ tà ní ẹ̀gbẹ́ McMinnville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, la mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó: ọkùnrin ló ń mú ọ̀bẹ, obìnrin ló ń mú rọ́bà. Nínú oṣù kẹjọ, tí èèpo ara ọ̀dọ́ igi bá ti rọ̀, tó ń ṣí bí ìwé, ọlọ́bẹ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á la èèpo náà nítòsí ilẹ̀, á gé ojú igi kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ lára dọ́gúùdù, igi ọ̀ṣọ́ kan tó ní òdòdó pupa, á kì í bọ abẹ́ èèpo yẹn, á sì kọjá sí igi èkejì. Obìnrin á máa rá tẹ̀lé e lórí orúnkún, á máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ di ojú ọgbẹ́ náà pinpin. Bí ojú igi náà bá yè, ìgbà ìrúwé ni wọ́n á gé orí igi ìsàlẹ̀ dànù, ohun tó bá hù níbẹ̀ á di olódòdó pupa. Bí ó bá kú, ọdún kan ti ṣòfò nìyẹn.

Ozella Tubb kò fìgbà kan fara mọ́ òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ yìí. Alvie, bàbá rẹ̀, wà lára àwọn ọlọ́bẹ tó mọṣẹ́ jù ní àfonífojì wa. Ọmọbìnrin márùn-ún ló bí, kò bí ọkùnrin, kò sì fi ìyẹn ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí Ozella pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá rẹ̀ fún un ní ọ̀bẹ kékeré kan àti ẹ̀ka igi etídò, ó ní kó máa la èèpo láì jẹ́ kí ọ̀bẹ kan igi inú. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà fi la èèpo kí bàbá rẹ̀ tó mi orí pé ó ti ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn Alvie daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ló bá lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí Ozella gba ipò òun. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìdì rọ́bà kan ló gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ozella, ebi sì wà nílé, ó gbà á.

Ó fẹ́ Raymond, awakọ̀ tó ń kó igi lọ sí òkè àríwá. Yìnyín ojú títì ló pa Raymond, ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un. Nígbà tó fi máa di ọdún 1979, Ozella ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ó sì ti ń fi rọ́bà di igi fún ọdún mẹ́rìnlá lóko Hobart Grissom, lẹ́yìn ọkùnrin kan ṣoṣo. Denver Cantrell ni wọ́n ń pè é.

Ọwọ́ Denver yá, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Igi tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ló ń là lóòjọ́, bí wọ́n bá sì jókòó jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lọ́sàn-án, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rá tẹ̀lé ènìyàn ló ń rí ohun tó ń ṣe lẹ́yìn. Ozella ń rí i pé Denver ń gé wọ inú igi jù. Ó ń rí i pé àpò ẹ̀wù ló ń kó ojú igi sí, nínú ooru oṣù kẹjọ, dípò kó wé e sínú àpò tútù. Ọdún àkọ́kọ́ ló ti sọ fún un.

Denver ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. “Ozella, rọ́bà ṣáà pọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Fi ìkan di ẹnu ẹ.”

Ní ọdún 1979 tí mo wí yìí, àwọn yunifásítì márùn-ún ní ìhà gúúsù pawọ́ pọ̀ láti ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń gbin igi ọ̀ṣọ́, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ṣe ń tà á. Wọ́n fẹ́ mọ iye àsìkò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, kí àwọn olóko lè mọ ibi tí èrè wà. Ẹni tí wọ́n rán wá sí oko Hobart ni Dókítà Pruett, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Georgia kan tí oòrùn ti bó imú rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Ó so aago kékeré kan mọ́ ọrùn, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó sì dúró ti Denver. Bí Denver ṣe rí aago yẹn báyìí, eré ló kù kó máa sá. Kó tó di ọ̀sán, dókítà ti ń sọ pé nínú gbogbo oko tí òun dé, òun ò tíì rí ọwọ́ tó yá tó bẹ́ẹ̀.

Ozella dìde lórí orúnkún rẹ̀, ẹrẹ̀ ń já bọ́ lára ṣòkòtò rẹ̀.

“Dókítà, kí lẹ̀ ń kà?”

“Iye igi tó là láàárín wákàtí kan ni, mà.”

“Èyí tó máa yè ni, àbí èyí tó máa kú?”

Pruett wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé gbogbo rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yè.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Mista Hobart ni.”

“Mista Hobart ò rá tẹ̀lé Denver rí.”

Denver ní kí dókítà má dá a lóhùn, pé oòrùn ló ń bá opó fínra. Hobart fúnra rẹ̀ gbọ́ ariwo, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ozella sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé òun fẹ́ ebè kan tí òun á là, tí òun á dì fúnra òun, kí wọ́n kà á, kí wọ́n fi wé ti Denver. Hobart ní obìnrin kankan ò ní fi ọ̀bẹ kan igi òun. Ozella ò bá a jiyàn. Ó gbé ìdì rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sí etí ebè, ó ká ọwọ́ lérí orúnkún.

Igi tí wọ́n ti là tí wọn kò dì, oòrùn ò ní pẹ́ pa á. Hobart ní kí òmíràn nínú àwọn obìnrin tó kù wá dì fún Denver. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé rọ́bà ọwọ́ àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í já lójijì. Bí èyí bá já, tọ̀hún náà á já, wọ́n á sì rọra máa wá òmíràn nínú àpò wọn. Aago ọrùn dókítà ń kà lọ ní tiẹ̀.

Nígbà tó yá, Hobart nawọ́ sí ebè kan létí odò, níbi tí òkúta pọ̀ sí ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. “Lọ ṣeré ẹ níbẹ̀. Tó bá sú ẹ, kó o padà síbi iṣẹ́.”

Ọjọ́ méjì gbáko ni Ozella fi la ebè yẹn tó sì dì í. Ẹni kankan ò gbé aago tì í. Nígbà tó parí, ó kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó kékeré kan, ó rì í mọ́ orí ebè. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ti fà á tu. Ó ri òmíràn, wọ́n tún fà á tu. Nígbà kẹta, páìpù irin ló gbé wá láti ilé, ó fi òòlù ńlá gbá a wọlẹ̀, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ TUBB sára rẹ̀. Ìyẹn ò kúrò níbẹ̀.

Nígbà òtútù, wọ́n gbé Ozella lọ sí ilé tí wọ́n ti ń di igi fún ọjà, níbi tí omi gbòǹgbò tútù ti ń la ìka ọwọ́ ènìyàn. Ó mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e débẹ̀, kò sì wí fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dun òun. Inú oṣù kẹta ni ìwé pẹlẹbẹ àwọn yunifásítì dé. Kíá ni Hobart ya ojú ewé tí iṣẹ́ ọ̀bẹ wà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ìyára Denver ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó yẹ kí ọlọ́bẹ tó dáńtọ́ máa bá. Hobart ní láti oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá bá a, kó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Àwọn àgbà ọlọ́bẹ méjì kan wà lóko náà tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ọwọ́ wọn ń falẹ̀ ṣùgbọ́n tí igi wọn kì í kú. Wọ́n ka ìwé náà tán, wọ́n sì jáde. Ozella rí wọn.

Nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ojú igi bẹ̀rẹ̀ sí í là, Ozella kò jẹun ọ̀sán mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń mú pẹ́ńsù àti ẹ̀yìn àpò ajílẹ̀ lọ sóko, ó ń rìn láti ebè dé ebè, ó ń kà. Nínú igi ọgọ́rùn-ún tí Denver là, mẹ́tàlélógójì ló ti kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tirẹ̀, lórí òkúta etídò yẹn, mẹ́sàn-án ni. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, torí ó mọ̀ pé wọ́n á pè é ní òpùrọ́.

Oṣù kẹfà ni àwọn olùwádìí láti yunifásítì márààrún kó ara wọn jọ sí yàrá ìjẹun ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa láti ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Ọkùnrin ló kún ibẹ̀, ẹ̀wù fífọ̀ lára, táì dídì lọ́rùn. Wọ́n pa iná, wọ́n gbé àwòrán sára ògiri, wọ́n sì tan iná padà, wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan ní ìbéèrè. Bàtà oko ni Ozella wọ̀ wá. Ó dìde lẹ́yìn pátápátá.

“Orúkọ mi ni Ozella Tubb. Èmi ni mo fi rọ́bà di igi tí ẹ kọ sínú ìwé yẹn. Ìṣẹ́jú lẹ kà, ẹ ò ka igi. Èmi ti bá yín kà á.”

Ẹnì kan níwájú ní kó jókòó.

“Mi ò jókòó. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi wà lórí orúnkún, ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀.”

Ó tú àpò ajílẹ̀ náà, ó ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, ebè kan tẹ̀lé òmíràn. Kò fi èyí tó lè pa á lára pamọ́. Ó ní, “Igi tó yè lọ́wọ́ Denver lóòjọ́ ṣì pọ̀ ju tèmi lọ, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá a roko fún òkú igi títí di ọdún tó ń bọ̀? Ta ló ń bá a fún wọn lóògùn, tó ń tún wọn là? Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ tó wá lé àwọn àgbàlagbà kúrò nídìí iṣẹ́ wọn.”

Olóko àgbàlagbà kan yíjú sí Pruett, ó bi í bóyá wọ́n padà wá kà á ní oṣù kẹrin. Pruett dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n ju bó ṣe pọ́n nínú oòrùn lọ. Ó ní rárá, àwọn ò padà wá. Kò wá àwáwí kankan mọ́ ọn, Ozella sì máa ń yìn ín fún ìyẹn títí dòní.

Ẹnu ọ̀nà yàrá náà ni Hobart ti lé e níṣẹ́. Ozella ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la wá hú páìpù òun, torí Hobart kọ́ ló ni ín. Ó sì wá hú u lóòótọ́.

Oṣù kẹrin méjì tẹ̀ léra ni Pruett padà wá, ó ka igi ní oko méje, Ozella sì bá a rìn nínú mẹ́ta níbẹ̀. Nínú ìwé kejì tí wọ́n tẹ̀, wọ́n sọ pé kí olóko máa ka igi tó yè, kó má wo àsìkò nìkan, àti pé òṣìṣẹ́ kan lóko ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i. Òṣìṣẹ́ kan. Ozella lọ sí ọ́fíìsì àgbẹ̀ ti káńtì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ó ní kí wọ́n gbé ìwé náà fún òun, ó yọ gègé, ó fagi lé “òṣìṣẹ́ kan,” ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè rẹ̀. Akọ̀wé ní ìwé ìjọba mà ni. Ozella ní ìdí tóun fi ń tún un ṣe nìyẹn.

Àwọn olóko kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi wọn ní oṣù kẹrin. Hobart ò kà á rí. Oko kékeré kan lókè odò ló gba Ozella gẹ́gẹ́ bí ọlọ́bẹ, méjì nínú àwọn obìnrin tí rọ́bà wọn já lọ́jọ́sí sì ń wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Lọ́dún 1988, ó háyà ilẹ̀ tirẹ̀. Ọlọ́bẹ mẹ́fà ló ní, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ obìnrin.

Ibẹ̀ ni Denver wá bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nínú oṣù kẹjọ. Ẹ̀yìn ti ń dun òun náà, Hobart sì ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó ní òun gbọ́ pé ó ń wá ènìyàn.

Ozella ní, “Rọ́bà ló kù, Denver.”

“O ṣáà mọ̀ pé ọlọ́bẹ ni mí.”

“Mo mọ̀. Èmi náà mọ ohun tí mo jẹ́ nígbà tí mò ń rá tẹ̀lé ẹ.”

Denver dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó pásítọ̀ pe Ozella sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ohun tó ṣe yẹn le jù fún Kristẹni. Ozella ní iṣẹ́ tí òun fi bọ́ ọmọ méjì lòun fi lọ̀ ọ́. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ìwọ̀sí fún un, kí wọ́n sọ fún òun ẹni tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀sí lọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn kan láàárín wa ṣì ń sọ pé ó yẹ kó gba Denver síṣẹ́ ọ̀bẹ.

Ẹni tó ń dì ò tó lọ́sẹ̀ tí Denver wá yẹn. Ozella fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ tẹ̀lé ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀bẹ, ó ń dì, ó sì ń sọ ibi tó ti gé wọnú jù fún un.