Èènì Ẹ̀wà ní Zongo

Òórùn ẹ̀wà tuntun ní ọjà Zongo, ní Parakou níbí, kò jọ ti ibòmíràn: eruku ni, ewé gbígbẹ ni, èéfín kámíọ́ǹ akẹ́rù sì tún dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, Tàntí mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àti ọdún tí òun àti oníbàárà rẹ̀ fẹ́ẹ̀ di ọ̀tá nítorí ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà.

Tàntí, àbúrò ìyá mi, ló ń se ẹ̀wà tà ní àdúgbò Ladjifarani. Ọwọ́ Alhájà kan ní Zongo ló ti ń rà á láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí Alhájà bá wọn ẹ̀wà tán, á tún fi ọwọ́ méjèèjì bu èènì lé e, wọn á sì jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́dún yẹn, èènì bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ó di ẹ̀kúnwọ́ kan, ó di ohun tí ìka ń ṣà, bẹ́ẹ̀ iye owó ò yí padà. Tàntí ò sọ nǹkan kan, àbí ta ló ń fẹnu béèrè èènì? Ó kàn sọ fún mi nílé pé, "Ó ti rí ẹni tó sàn jù mí lọ," ó sì lọ ń rajà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó dùn mí gan-an, torí kò ní ọ̀rẹ́ míì tó sún mọ́ ọn bíi Alhájà.

O mọ̀ mí, n kì í lè fi ohun tí kò bá yé mi sílẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Malanville, lẹ́nubodè Niger, ọwọ́ àwọn ẹlẹ́wà ni mo ń wò lójú ọ̀nà. Ní Kandi, mo ra òṣùwọ̀n kan. Ẹyọ mélòó kan ni èènì rẹ̀. Ní Malanville, ìyá ẹlẹ́wà tilẹ̀ fi igi gbá orí òṣùwọ̀n kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo ní, "Ìyá, èènì wa ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá olóhùn Dendi dá mi lóhùn: "Òjò ò rọ̀ lódìkejì odò. Kámíọ́ǹ wọn tó wá ń kó ẹ̀wà ló kún ọjà yẹn. Èènì ti bá wọn sọdá."

Mo dúró síbẹ̀, inú mi ń dùn bí ẹni rí ohun tó sọnù. Ọ̀wọ́n ẹ̀wà ti gbéra láti odò, ó ń bọ̀ láti ọjà dé ọjà, èènì ló sì kọ́kọ́ ń jẹ. Alhájà ò bínú sí ẹnikẹ́ni.

Mo délé, mo ròyìn fún Tàntí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó ní ká lọ sí Zongo.

Alhájà dìde nígbà tó rí wa. Ó ní, "Ojú ló ń tì mí láti fowó lé e fún ọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ máa dín èènì kù láti fi dí i ná."

Ó wọn ẹ̀wà, ó tún na ọwọ́ sínú àpò, ni Tàntí bá dì í lọ́wọ́ mú. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó dà á padà sínú àpò Alhájà.

"Èènì tìẹ nìyẹn," ló wí.

Ẹ̀wà wọ́n lóòótọ́ kò pẹ́ sígbà náà, abọ́ tí Tàntí ń tà sì kéré sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọjàkọ́jà tí mo bá wọ̀, ọwọ́ ẹni tó ń tà ni mo máa ń wò kí n tó béèrè iye. Mo ti rò pé tẹlifóònù àti kámíọ́ǹ nìkan ló ń gbé owó ọjà rìn. N kò mọ̀ pé kí ọ̀wọ́n tó dé etí wa, á ti kọ́kọ́ gba àárín ọ̀rẹ́ méjì kọjá.