Tíṣà Mi Fi Bírò Pupa Tún Páṣíwọ́ọ̀dù Mi Kọ

Irun ni mo ń dì ní Ìjerò, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí títì. Nígbà tí onídìrí pọ̀ sí i ládùúgbò wa, ọkọ mi ní kí n wá nǹkan tí àwọn yòókù kò ní. Mo ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń pín Wáì-Fáì, mo gbé e sókè dígí, mo sì lẹ páálí mọ́ ògiri pé Wáì-Fáì ọ̀fẹ́ wà fún oníbàárà. Mo kọ páṣíwọ́ọ̀dù sísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà: eniarere. Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Mo rò pé ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ yóò máa rántí hùwà bí ènìyàn rere, kò ní jókòó sórí àga mi láti àárọ̀ láìdirun.

Lára àwọn tí Wáì-Fáì yìí fà wá ni tíṣà tó kọ́ mi nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjurin. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Kánádà ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé tíṣà ní Ìjurin kò sì lè gbé fídíò. Bí ojú ọmọ bá yọ, ohùn rẹ̀ á lọ. Bí ohùn bá padà dé, ojú á ti dúró gbọin-in bí ère.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo kúnlẹ̀ kí i.

"Irun ni mo wá dì," ó wí.

Ó tú gèlè. Kí n má purọ́ mọ́ tíṣà mi, irun náà kò tó nǹkan. Ó funfun, ó rọ̀, ó sì dúró káàkiri bí oko àgbàdo tí àparò ti hú jẹ.

"Irú èwo lẹ fẹ́, Mà?"

"Ṣùkú. Má sì kánjú."

Mo mú òòyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irun kún irun. Òun mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fídíò. Nígbà tí a wà ní kíláàsì rẹ̀, ẹni tó bá pe iṣu ní uṣu bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wa, orí ẹsẹ̀ kan ni yóò dúró títí agogo yóò fi lù. Ojú ọmọ rẹ̀ yọ, ohun tó sì kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó ń rí uṣu rà níbẹ̀. Ó tún bi í bóyá ulé wọn kò tutù jù. Mo wò ó nínú dígí. Òun náà wò mí.

"Máa dirun rẹ lọ," ó wí.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó padà wá. Irun ti tú.

"Ó tú fúnra rẹ̀," ó wí kí n tó béèrè.

Irun tí mo bá dì kì í tú fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí nìyẹn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí èyí ṣẹlẹ̀, obìnrin kan tí ilé òun àti ti tíṣà kọjú síra ní Ìjurin bi mí pé kí ni mo fi irun tíṣà ṣe tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń jókòó síta tó ń tú u. Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Mo sọ fún tíṣà pé kó máa wá jókòó láìdirun.

"Kí ni o kọ sára ògiri?" ó bi mí.

"Wáì-Fáì ọ̀fẹ́ fún oníbàárà, Mà."

"Bí n kò bá dirun, ṣé oníbàárà ni mí?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa. Dirun."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Wáì-Fáì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ ń gbádùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tuntun kankan kò rí i wọlé. Mo pa á, mo tan án. Mo pe àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tó bá wù mí ni mò ń fún. Obìnrin kan bi mí lójúkojú bóyá ẹni tó bá ti Odò-Ọwá wá kì í ṣe ènìyàn lójú mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo sún mọ́ páálí náà láti kà á. Ẹnì kan ti fi bírò pupa ki lẹ́tà sáàárín ọ̀rọ̀ mi. Ó ti di eniyanrere. N kò ní láti béèrè ẹni tó ni ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Ó kún inú gbogbo ìwé tí mo lò ní kíláàsì kẹta.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ Sátidé, mo rọra bi í.

"Èmi ni," ó wí. "Ojú ń tì mí láti máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. A ti fi 'enia' sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ènìyàn ni à ń kọ."

"Ṣùgbọ́n, Mà, páṣíwọ́ọ̀dù ni. Bó ṣe wà nínú ẹ̀rọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́."

Ó gbójú sókè wo páálí náà. Mo rò pé yóò ní kí n má bínú.

"Ta ló kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ?"

"Èmi ni, Mà."

"Ẹ̀rọ ni kí o lọ tún ṣe, nígbà náà."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe lójú gbogbo wọn, òun ló ń pe lẹ́tà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá béèrè páṣíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi tí tíṣà bá wà níbẹ̀, òun ló máa ń dáhùn. Ẹni náà á kọ́kọ́ kí gbogbo ilé, kó tó gbọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ní kó gbé fóònù fún mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọjà ti ń yá díẹ̀díẹ̀ báyìí? Màmá ní oníbàárà yín ò pọ̀, pé torí àtiràn yín lọ́wọ́ lòun ṣe ń wá dirun ní gbogbo ìgbà."

Mo wo tíṣà nínú dígí. Ó ti di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń sùn.

"Ó ti ń yá," mo wí. "Màmá ń gbìyànjú gan-an lórí wa."

Mo mú òòyà, mo sì la irun náà láti iwájú orí. Tíṣà kò lajú, ṣùgbọ́n ó tẹ orí rẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ọwọ́ mi lè tó o.