Ọdún Tí Bàbá Mi Fojú Hàn Lórí Fóònù

Kí bàbá mi tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Park Hill ní New York, òun ni Olùṣírò Owó Àgbà fún ìpínlẹ̀ wa nílé, ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní Akáńtáǹtì Jẹ́nẹ́rà. Tí kò bá tíì fọwọ́ sí i, kọ́bọ̀ kan kò lè jáde nínú àpò ìjọba, ìbáà jẹ́ gómìnà fúnra rẹ̀ ló ń kánjú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé òun ló ni gbogbo owó náà. Mo wá ń bínú pé kò ra kẹ̀kẹ́ fún mi.

Òun náà ló fi òfin kan lélẹ̀ tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fi ń ṣépè fún un. Lọ́dọọdún, ẹni tó bá ń gba owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ wá fojú hàn ní sẹkitéríàtì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pàápàá tò sórí ìlà, ó sì bá a yan odì fún ìgbà díẹ̀.

Ìyá mi kú lẹ́yìn tí bàbá mi náà fẹ̀yìn tì, mo sì mú bàbá wá sọ́dọ̀ mi ní New York. Òfin yẹn ló wá ń dá a padà sílé lọ́dọọdún. Tí òtútù bá ti ń mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. "Mò ń lọ fojú hàn," lá wí, á tún ọrùn ẹ̀wù ṣe. Ohun tí kò gbà ju ọjọ́ kan lọ, á fi oṣù méjì ṣe é. Tó bá dé, ìròyìn àwọn tó pàdé lórí ìlà ni a óò máa gbọ́ títí.

Ìyókù ọdún, férì, ọkọ̀ ojú omi, ló ń wọ̀. Á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí èbúté St. George, á bá àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Manhattan, á sì bá a padà. Ọ̀fẹ́ ni férì náà, ìyẹn sì ń dà á láàmú.

"Ta ló ń fọwọ́ sí owó epo ẹ̀?" ló bi mí.

Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò kàwé.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán nígbà tí Akáńtáǹtì Jẹ́nẹ́rà tuntun pè, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, sà. A ti ń ṣe verification lórí video fún àwọn tó wà lókè òkun. Ẹ jókòó sílé, a máa rí yín."

"Ẹ ṣeun, A.G.," ni bàbá mi dáhùn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ lánàá ló ń fi ẹ̀yin bá sọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ipò náà.

Inú mi dùn, n ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo wọ yàrá rẹ̀, ó ti ń kó àwọn ìpara orúnkún tó rà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé jáde nínú báàgì, ó ń tò wọ́n sójú fèrèsé. Ó wá yé mi. Ilé ń pè é, òfin yẹn nìkan ló sì ní tó lè fi dáhùn láìjẹ́ pé ó ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà, ó jókòó sídìí tábìlì. Ọmọbìnrin kan yọjú lórí fóònù.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ sókè. Ẹ kọjú sọ́tùn-ún díẹ̀." Bàbá mi ṣe gbogbo rẹ̀. "Ó ti parí, sà. A ti rí yín."

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé o lè yí fóònù yẹn síta?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé e jáde. A rí igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì bàbá mi àtijọ́, a rí àwọn àgbàlagbà lórí ìlà, tí ọ̀kan kẹ̀yìn sí wa, tó ń jẹ ẹ̀pà. Bàbá mi sún mọ́ fóònù.

"Ta nìyẹn? Dúró ná, ní kó yíjú…"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo bi í bóyá kí n gbé oúnjẹ wá.

"Wọ́n ti rí mi," ló wí. "Èmi ò tíì rí wọn."

Mo wọ yàrá rẹ̀ lọ, mo kó àwọn ìpara náà kúrò lójú fèrèsé, mo dá wọn padà sínú báàgì.