Wákàtí Tí Kò Ní Baba

Nọ́ọ̀sì Smilja kú sínú odò Danube lójú ọ̀sán gangan, lójú ìlú méjì. Kò sí àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ etí odò wa yóò mọ ìdí tí gbólóhùn kejì yẹn fi ń dùn wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìhà Serbia ni o, ìhà Romania ni o, ẹni tó bá kú láìsí iná àbẹ́là lọ́wọ́, inú òkùnkùn ló ń rìn lọ. Gbogbo ọdún tí Smilja fi ṣe nọ́ọ̀sì, àbẹ́là kan wà nínú báàgì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ àti báńdéèjì. Bó bá ti rí i pé oògùn ò ran aláìsàn mọ́, á tan án, á fi í há a lọ́wọ́, á sì di ọwọ́ náà mú. "Ẹ má bẹ̀rù, mo ti tanná sọ́nà yín." Iná Smilja ni bàbá mi bá lọ.

Smilja ò mọ ààlà. Bí aboyún bá ń rọbí lódìkejì, Pătru apẹja, ọmọ Romania, á wa ọkọ̀ rẹ̀ wá gbé e.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ o! Ìdí yín fẹ́ẹ́ tẹ ọkọ̀ mi rì."

"Ọkọ̀ ẹ ló gbó bí olówó ẹ̀. Wà á lọ jàre, ọmọ ò ní dúró dè ẹ́!"

Báyìí la ṣe ń gbé kí ìjọba méjèèjì tó wá bá wa fọwọ́sowọ́pọ̀.

Wọ́n wá pẹ̀lú àsíá àti ayàwòrán. Wọ́n bu búrẹ́dì, wọ́n fi kan iyọ̀, wọ́n mu ọtí rakija, wọ́n buwọ́ lu ìwé. Wọ́n dá àjọ ìgbàlà orí omi sílẹ̀, ìhà kọ̀ọ̀kan sì gba ọkọ̀ tuntun. Láti ọjọ́ náà, apẹja kankan ò gbọdọ̀ kọjá àárín odò láti gbé ẹnikẹ́ni; iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni. Romania á ṣọ́ odò láti òwúrọ̀ dé aago méjìlá, Serbia á gbà á láti aago méjìlá dé alẹ́.

Ó dára, àbí? Àmọ́ aago Romania fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa. Bí méjìlá bá lù lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á lọ jẹun. Lọ́dọ̀ tiwa, mọ́kànlá ni. Àwọn tiwa ṣì ń mu kọfí. Ojoojúmọ́ ni odò ń wà láìní olùṣọ́ fún wákàtí kan gbáko. Àwọn apẹja sọ ọ́ lórúkọ: wákàtí tí kò ní baba. Wọ́n ń fi dápàárá: "Bó o bá máa rì, tètè rì kí wọ́n tó lọ jẹun o!"

Ṣé àwọn aláṣẹ ò mọ̀ ni? Wọ́n mọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí níhìn-ín, wọ́n jókòó lé e lórí lọ́hùn-ún, ẹja díndín wà lórí tábìlì. Kí ló wá le? Kí wọ́n mú aago kan ṣoṣo. Àwọn tiwa ní aago àjèjì ò lè pàṣẹ fún àwọn. Àwọn tọ̀hún ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ajá tí ilé méjì jọ ń sìn, ebi ní í pa á.

Lọ́jọ́ náà, Smilja ń lọ síbi sàráà òkú ìyá kan tó tọ́jú lódìkejì. Pătru ò láṣẹ láti wá gbé e mọ́, ni Smilja bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ olóògbé ọkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kòṣava dé, ó sì dojú ọkọ̀ dé. Pătru rí i láti etí odò. Ó tẹ ìhà tiwọn láago.

"Méjìlá ti lù, bàbá. Iṣẹ́ Serbia nìyẹn."

Ó pe ìhà tiwa.

"Mọ́kànlá ṣì ni níbí, bàbá. Iṣẹ́ Romania ni."

"Orí yín pé ṣá? Èèyàn ń rì, ẹ ń bá mi ka aago!"

"Ẹ má wọ odò o. A ó gba ọkọ̀ yín."

Pătru wọ odò. Gèlè Smilja nìkan ló bá.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́: òṣìṣẹ́ ìhà méjèèjì jọ wá, ejìká sí ejìká, wọ́n gba ọkọ̀ Pătru. Ìyẹn ò ṣòro. Kò sẹ́ni tó béèrè aago. Òkú Smilja ńkọ́? Odò gbé e sí ìhà Romania, ó sì sùn níbẹ̀ títí ìwé fi pé láti gbé e sọdá omi tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọdá.

Àjọ náà fi òdòdó ránṣẹ́, rìbọ́nù àsíá méjì lára rẹ̀. A dá a padà.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ dá ọkọ̀ Pătru padà fún un. Ẹ mú aago kan, ì báà jẹ́ ti àkùkọ. Kí ẹ̀yin ọ̀gá méjèèjì tẹ́ ẹ buwọ́ lu ìwé wá sétí odò, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lórúkọ, lójú gbogbo wa. Ẹ má rán akọ̀wé. Wákàtí tí kò ní baba yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Pătru máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, á lẹ àbẹ́là mọ́ pákó, á sì tì í sómi fún Smilja. Afẹ́fẹ́ ń pa iná náà. Ẹ wá bá a fọwọ́ bò ó.