Ìgò Kékeré Tí Mo Ń Ṣọ́ Lò

Mo ṣì máa ń gbóòórùn yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ṣiṣẹ́ rí: fọ́málììnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, tó ń ta ni nímú, pẹ̀lú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ọ̀gá mi, dókítà tó ti òkè òkun dé nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣì ń ya wọlé, ló kọ́ ọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn wọn ní Òmù-Àrán. Ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ń ṣe. Èmi ni mo ń bá wọn gé ẹran ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, tí mo ń kán antibọ́dì sí i. Iṣẹ́ antibọ́dì ni kó wá purotéènì jẹjẹrẹ rí, kó lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tó bá lẹ̀ mọ́, àwọ̀ búráùn la ó rí. Ṣùgbọ́n antibọ́dì máa ń ṣìnà. Ìdí nìyí tí a fi ní ìgò kékeré kejì, pẹ́pítáìdì tí wọ́n fọwọ́ ṣe lókè òkun, tó jọ purotéènì náà gẹ́lẹ́. A ó kọ́kọ́ pò ó mọ́ antibọ́dì, kí antibọ́dì jẹ ẹ́ yó, kó má lè lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Tí antibọ́dì tó ti yó bá tún kun gíláàsì ní búráùn, irọ́ ló ń pa.

Ọ̀gá kì í fo ìdánwò yìí. Èmi ni mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Nígbà tí ìlú le, tí nǹkan òkè òkun di ọ̀wọ́n, pẹ́pítáìdì ku ìsàlẹ̀ ìgò, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ lò bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣọ́ epo pupa tó ṣẹ́kù. Iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí fíríìjì gbóná tòun ti antibọ́dì inú rẹ̀, mi ò ní bìkítà.

Àsìkò yẹn ni àbúrò ìyá mi, tó tọ́ mi dàgbà, wá láti Òkè-Onígbìn pẹ̀lú kókó lọ́mú. Ọ̀gá gé díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ìdajì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá fún àyẹ̀wò gidi, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ fún ìwádìí wa, wọ́n sì rìnrìn àjò. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ohun tí a bá rí nínú ìwádìí kì í ṣe ohun tí à ń sọ fún aláìsàn. Mo kun tèmi láìfi pẹ́pítáìdì sí i. Búráùn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Dókítà ni àwọn ẹbí ń pè mí nílé, mi ò sì bá wọn jiyàn rí. Mo lọ sọ fún àbúrò ìyá mi pé jẹjẹrẹ ni. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "O ṣeun tí o ò fi pamọ́ fún mi," wọ́n sì padà sílé.

Ọ̀gá dé lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n wo gíláàsì náà, wọ́n bi mí pé, "Èyí tí o fi pẹ́pítáìdì sí dà?" Mo ní mò ń ṣọ́ ọ lò ni. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n ṣe é lójú àwọn. Antibọ́dì tó ti yó tún kun ún, búráùn kan náà. Antibọ́dì náà ti bàjẹ́ nínú fíríìjì tó ń gbóná. Lọ́jọ́ kẹta, èsì ilé ìwòsàn ńlá dé: kókó lásán ni, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́ lọ́jọ́ tí mo lọ sí Òkè-Onígbìn. Mo bá àbúrò ìyá mi lórí àga, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Mo ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àánú mi ló ń ṣe ọ́. Má tàn mí." Mo béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n máa ń lò lójoojúmọ́. Wọ́n ní àwọn ti kó o fún aládùúgbò. Kí ni ẹni tí jẹjẹrẹ ti mú fẹ́ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe? Mo ra òmíràn, mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ṣe bí ẹni tó gbà kí n lè máa lọ ni.

Kò pé oṣù kan, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé wọn ṣubú lẹ́yìnkùlé, ẹnu wọn wọ́, wọn ò sì dìde mọ́.

Níbi ìsìnkú, àwọn ẹbí tó ti Èkó wá ń dì mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dúpẹ́ pé mo tètè sọ, pé ó jẹ́ kí olóògbé ráyè palẹ̀ ilé wọn mọ́. Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn tí mo lè ṣàlàyé fún sì ń dín kù. Nígbàkigbà tí ẹbí bá péjọ, wọ́n á ní jẹjẹrẹ ló pa àbúrò ìyá mi. Màá la ẹnu láti sọ̀rọ̀, màá sì tún pa á dé.