Aago Tó Ń Ṣọ́ Bàbá Mi

Ìyá mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kí wọ́n tó ra báàgì yunifásítì. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn yàn án. Mo yan èyí tó ní àwòrán ológbò, òun náà ni wọ́n ń gbé kọ́rùn títí dòní.

Ẹ̀kọ́ nípa bí ọpọlọ àti ara ṣe ń darí ìwà ẹ̀dá ni wọ́n ń kọ́. Láti ìgbà náà ni ara ò ti rọ ẹnikẹ́ni nílé wa mọ́. Tí o bá yán, wọ́n á wò ọ́. Tí o bá họ imú, wọ́n á kọ nǹkan sílẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ onígbàjámọ̀, ní iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Àwọn náà kúkú ti ń ṣe bákan: wọ́n pa abẹ tì lójijì, wọ́n ní kílípà ló bóde mu.

Ni iṣẹ́ àṣekágbá bá dé. Èèyàn méjìlá gbọ́dọ̀ so aago kan mọ́wọ́ fún ọjọ́ méje. Aago á máa ka bí ọwọ́ ṣe ń mì, á máa fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ìyẹn á sì fi mọ ìgbà tí onítọ̀hún ń sùn. Olùkọ́ wọn ò fi bò: ẹni tí méjìlá rẹ̀ kò bá pé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mọ́kànlá ti parí. Bàbá mi ló kù.

"Kí ni ìyá rẹ fẹ́ fi ọwọ́ mi mọ̀?" Bàbá mi bi mí.

"Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa ń bọ̀ lọ́wọ́ tí ẹ bá jáde ni, sà."

Àwàdà ni o. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba aago náà, ẹ̀wù alápá gígùn ni wọ́n sì ń wọ̀ tọ̀sán-tòru láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ìyá mi ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Ọwọ́ bàbá rẹ ò sinmi rárá. Kí lo ṣe sí aago mi?"

"Èmi kọ́!" Lóòótọ́, mo ti so ọ̀kan mọ́ ìrù ológbò aládùúgbò rí, ṣùgbọ́n mo ti tọrọ àforíjì.

Mo wo ìlà inú kọ̀ǹpútà náà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bákan náà lójoojúmọ́, àfi ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó kú pátápátá fún wákàtí mẹ́ta. Mo rántí ọ̀sán yẹn dáadáa: mo lọ aṣọ dé ìdajì ni wọ́n múná lọ.

A sáré sọ̀ kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi nísàlẹ̀ ilé. Ẹ̀yìn dígí ni fáànù wà, ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì. Aago ìyá mi wà lọ́rùn rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ tí ẹ ò fẹ́ kí aago bá yín dé?" Ìyá mi béèrè. "Ṣé obìnrin ni?"

Bàbá mi ti ilẹ̀kùn. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń gbọ̀n bíi fóònù tó ń dún lórí tábìlì.

"Oṣù mẹ́rin rèé. Mo rò pé o ti fura, pé aago yẹn lo fẹ́ fi mú mi. Ta ló máa gbé orí fún onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n?"

Ìyá mi, tí wọ́n máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ò wá bírò. Wọ́n di ọwọ́ náà mú.

"Lọ́jọ́ Ajé, a máa rí dókítà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n gbé iṣẹ́ mi fún olùkọ́. Tí ẹ ò bá fẹ́ so ó, màá dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Bàbá mi béèrè pé, "Orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀?"

"Nọ́ńbà méjìlá lẹ ń jẹ́."

Bàbá mi tú aago náà kúrò lára fáànù. Wọ́n gbìyànjú láti dè é, kò ṣeé ṣe. Wọ́n wá na ọwọ́ sí ìyá mi.

"Oyá, dè é."

Mo pa fáànù. "Nọ́ńbà mẹ́tàlá, o ṣé o. O ti gbìyànjú, lọ sùn."

Bàbá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.